Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ọpọlọ Tó Wú Nítorí Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Tó Ta Kókó

Àwọn ìbéèrè yìí ni ẹbí sábà máa ń béèrè nígbà tí dókítà bá wo àwòrán ọpọlọ ẹni wọn tán, tó sì sọ ọ̀rọ̀ méjì fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà: pé iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú orí rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ kó rí, àti pé ọpọlọ tó wà ní àyíká iṣan náà ti wú. Ọ̀rọ̀ kejì ló máa ń dẹ́rù bà wọ́n jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń fẹ́ kí a tètè wá oògùn sí. Mo kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí nítorí pé wíwú yẹn ní oríṣiríṣi orísun, oògùn tó sì wúlò fún ọ̀kan lè ṣe èkejì ní jàǹbá.

Kí ni ó túmọ̀ sí pé ọpọlọ wú?

Ó túmọ̀ sí pé omi ti wọ inú ẹran ọpọlọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹsẹ̀ bá wú, awọ á nà, ẹsẹ̀ á tóbi, ó lè máa ro ènìyàn, ṣùgbọ́n àyè wà fún un láti tóbi. Agbárí àgbàlagbà kì í nà. Ohun mẹ́ta ló kún inú rẹ̀: ọpọlọ fúnra rẹ̀, tó wọ̀n tó nǹkan bíi kílógíráàmù 1.4, ẹ̀jẹ̀, àti omi mímọ́ gaara tó yí ọpọlọ ká, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlílítà 150 lọ nígbà kan. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pọ̀ sí i, àwọn yòókù ní láti fún un láyè, bí wọn kò bá sì ní àyè tí wọ́n lè fún un mọ́, ìfúnpá inú agbárí á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ẹ̀jẹ̀ tuntun kò ní ráyè wọlé dáadáa, ọpọlọ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wíwú tí ì bá jẹ́ ohun kékeré ní apá tàbí ní ẹsẹ̀ fi lè di ọ̀ràn ìyè àti ikú nínú orí.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ wo ni ẹ ń pè ní èyí tó ta kókó?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ó ṣe yẹ kó rí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ọkàn wá máa ń gba inú iṣan àlọ, tí ògiri rẹ̀ nípọn tó sì lágbára, nítorí pé ọkàn ń fi ipá tì í. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, níbi tó ti máa ń rọra rìn, tó ń fún ọpọlọ ní atẹ́gùn àti oúnjẹ. Nígbà tí yóò bá fi dé inú iṣan àbọ̀, tó ń gbé e padà sínú ọkàn, ipá rẹ̀ ti rọ̀, ìdí nìyẹn tí ògiri iṣan àbọ̀ kò fi nípọn: kò sí ohun tó ń fi ipá lù ú.

Nínú ara àwọn kan, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà láàárín kò sí ní ojú kan nínú ọpọlọ. Iṣan àlọ já tààrà sínú iṣan àbọ̀, gbogbo wọn sì lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tó ta kókó. AVM ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ tó ní ipá ń rọ́ wọ inú iṣan tí a kò dá fún ipá, láìdúró, láìṣe iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ti rí i nígbà tí omi gọ́tà ńlá bá já sínú gọ́tà kékeré ẹ̀yìnkùlé lásìkò òjò yóò mọ ohun tí mò ń sọ: omi á kún, á dà sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìpìlẹ̀ ilé.

Nínú 100,000 àgbàlagbà, a fojú bù ú pé nǹkan bíi 10 sí 18 ló ní AVM nínú ọpọlọ. Láàárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì ni wọ́n sábà máa ń mọ̀ pé àwọn ní in. Nínú nǹkan bí ìdajì wọn, ẹ̀jẹ̀ tó ya nínú ọpọlọ ló ń tú àṣírí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, wárápá ni.

Ṣé gbogbo iṣan tó bá ti yàtọ̀ nínú àwòrán ló léwu?

Rárá, ó sì ṣe pàtàkì kí a mọ èyí kí ẹ̀rù tó ba ilé. Iṣan àbọ̀ kan wà tí kò tò bíi ti àwọn yòókù, tí wọ́n sábà máa ń ṣèèṣì rí nínú àwòrán ẹni tó wá fún nǹkan mìíràn. Ọ̀nà àbájáde ẹ̀jẹ̀ fún ọpọlọ tó dá ṣáká ni iṣan náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, bí ènìyàn bá sì gé e kúrò, ọpọlọ ibẹ̀ yóò wú gan-an nítorí pé kò ní rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò gbà jáde mọ́.

Cavernoma tún yàtọ̀. Ìdì àwọn ihò kéékèèké ni, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ń rọra ṣàn ni, àwòrán rẹ̀ lórí ẹ̀rọ MRI sì máa ń dà bíi gúgúrú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú igba ènìyàn ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní mọ̀ láéláé. Kì í sábà mú ọpọlọ wú àfi bí ẹ̀jẹ̀ tuntun bá jò níbẹ̀, nítorí náà bí dókítà bá rí wíwú lẹ́bàá rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá ni ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ẹ̀kẹta, nítorí pé àwọn àgbàlagbà wa ló sábà máa ń ní in, tí a sì máa ń kà á sí ogbó. Nínú awọ líle tó bo ọpọlọ ni iṣan àlọ àti iṣan àbọ̀ yìí ti já pọ̀. Wọn kì í bí i mọ́ni. Ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ènìyàn fi orí ṣèṣe, tàbí lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan àbọ̀ ńlá inú orí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ti inú rẹ̀ padà sẹ́yìn wọ ọpọlọ, ọpọlọ á máa rin gbingbin, bàbá tàbí ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ìrìn rẹ̀ á yí padà, ìwà rẹ̀ kò sì ní rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan a máa gbọ́ ariwo fùù-fùù ní etí kan, tó ń bá lílù ọkàn wọn rìn. Bí wọ́n bá rí i ní kíákíá tí wọ́n sì dí ojú ibi tó já, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ti gbàgbé lè padà wá. Nítorí náà, ìgbàgbé tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ yẹ fún àwòrán kí a tó pè é ní arúgbó.

Báwo gan-an ni irú iṣan bẹ́ẹ̀ ṣe ń mú ọpọlọ wú?

Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é kò jẹ́ ẹyọ kan, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ní gbòǹgbò. Àkọ́kọ́ ni ti ìfúnpá inú iṣan àbọ̀: nígbà tí ẹ̀jẹ̀ AVM bá ti gba gbogbo ọ̀nà àbájáde, ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ tó wà nítòsí kò ní rí ọ̀nà jáde, omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa yọ́ gba ara ògiri iṣan wọ inú ẹran ọpọlọ. Wíwú báyìí lè wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsí pé ẹ̀jẹ̀ kankan ya. Bí iṣan àbọ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà jáde bá wá dí lójijì, wíwú náà lè pọ̀ sí i láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Èkejì ni ti ẹ̀jẹ̀ tó ya. Ẹ̀jẹ̀ tó dì náà ń gba àyè lọ́tọ̀, ọpọlọ tó yí i ká sì ń wú lọ́tọ̀, wíwú yẹn sì máa ń pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere ní ọjọ́ kejì fi lè máa tòògbé ní ọjọ́ kẹrin, tí àwọn ará ilé á sì máa rò pé wọ́n ti fún un ní oògùn tí kò bá a lára mu.

Ẹ̀kẹta kì í ṣe wíwú ẹran ọpọlọ gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń kà á mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ ni ara ń ṣe nǹkan bíi mìlílítà 500 omi inú agbárí, tí omi àtijọ́ sì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ tó ya bá dí ọ̀nà omi yìí, tàbí tí iṣan tó fẹ̀ jù bá tẹ̀ ẹ́, omi tuntun kò ní yéé wá, èyí tó wà nílẹ̀ kò sì ní lè lọ, orí lè kún láàárín wákàtí díẹ̀ péré.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ìtọ́jú fúnra rẹ̀, mo sì máa sọ ọ́ lọ́tọ̀ nísàlẹ̀.

Àwọn àmì wo ni a kò gbọdọ̀ dúró wò?

Orí fífọ́ tó dé lójijì bí ẹni tí àrá sán lù, tí ènìyàn kò ní irú rẹ̀ rí. Orí fífọ́ tó ń jí ènìyàn lówùúrọ̀, tó ń le sí i bí ó bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bá wúkọ́, tí èébì sì tẹ̀ lé e. Ojú tó ń rí bàìbàì tàbí tó ń rí nǹkan kan ní méjì. Apá tàbí ẹsẹ̀ kan tó rọ, ẹnu tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni oorun tí kì í ṣe oorun: ẹni tí a ń pè tí kò dáhùn bíi ti tẹ́lẹ̀, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ kan fẹ̀ ju èkejì lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ má sì fún un ní oúnjẹ tàbí omi lójú ọ̀nà, nítorí pé ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Bí wárápá bá dé sí i níwájú wa ńkọ́?

Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí ẹ sì wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn bá tẹ̀ lé e kí ojú rẹ̀ tó dá, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná, ẹ má ṣe fi ata tàbí àlùbọ́sà sí i lójú. Àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe, tí àwọn kan ṣì ń rọ ọmọdé tí gìrì mú, ti pa ọmọ púpọ̀: àwọn dókítà nílẹ̀ Yorùbá ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, tí ọmọ á sì dákú. Wárápá tó pẹ́ lè dá kún wíwú ọpọlọ, nítorí náà oògùn tí dókítà fún ẹni tó ní AVM láti dènà rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń dá dúró nítorí pé oṣù mẹ́ta ti kọjá láìsí nǹkan.

Ṣé a jogún rẹ̀ ni, àbí ẹnì kan ló fi ṣe é?

Ọ̀pọ̀ jù lọ AVM kì í ṣe àjogúnbá. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ AVM ọpọlọ tí wọ́n yẹ̀ wò, àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní KRAS ti yí padà nínú ẹran iṣan náà, ṣùgbọ́n kò yí padà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni kan náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyípadà náà wáyé ní ojú kan péré nínú ara ẹni náà, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá. Kò sí ohun tí ìyá jẹ nígbà oyún tó fà á, kò sì sí ìdílé tó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ fojú burúkú wò. Mo mọ̀ pé nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún bá ṣubú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ayé àti ọ̀tá ló ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn. Ẹ gbàdúrà bí ẹ bá fẹ́, àmọ́ ẹ gbà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìyàtọ̀ kan wà. Àrùn àjogúnbá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ HHT wà, tó ń mú nǹkan bí ẹnì kan nínú 5,000, tí ìdajì ọmọ sì lè jogún lọ́wọ́ òbí kan. Ẹ̀jẹ̀ imú tó ń dà lemọ́lemọ́ láti kékeré ni àmì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá wọn ló sì ní iṣan tí kò rí bó ṣe yẹ nínú ọpọlọ. Bí ẹ̀jẹ̀ imú bá pọ̀ nínú ìdílé yín, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde náà máa ń ní ìṣòro iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe AVM: àwọn iṣan ńlá ló ń dí díẹ̀díẹ̀, tí àwọn kéékèèké tí kò lágbára sì ń hù láti rọ́pò wọn.

Àwòrán wo ni wọ́n máa yà?

CT ni wọ́n sábà máa kọ́kọ́ yà, nítorí pé ó yára, ó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ tuntun hàn kedere. MRI ló dára jù láti rí wíwú, ibi tó dé, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti mọ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé àti èyí tó ń gbé e jáde, rọ́bà tín-ín-rín ni wọ́n máa gba òkè itan tàbí ọrùn ọwọ́ tì dé ọrùn, tí wọ́n á fi oògùn tó ń hàn nínú àwòrán sí i. Ìlú Lisbon ni Egas Moniz ti kọ́kọ́ ya irú àwòrán iṣan ọpọlọ báyìí ní ọdún 1927, kò sì tíì sí èyí tó rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

Ṣé dandan ni kí a yọ AVM tí kò tíì ya?

Kì í ṣe dandan, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gan-an kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ewu pé yóò ya jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ARUBA, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, pín ènìyàn 223 tí AVM wọn kò tíì ya sí ọ̀nà méjì: àwọn kan gba oògùn nìkan fún ohun tó ń ṣe wọ́n, àwọn kan sì gba ìtọ́jú AVM náà pẹ̀lú. Láàárín nǹkan bí oṣù 33, ìdá 10.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àkọ́kọ́ ló kú tàbí tó ní àrùn ẹ̀gbà, nígbà tí tàwọn kejì jẹ́ 30.7. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé. Àwọn tó ta kò ó sọ pé oṣù 33 kéré jù fún ẹni ọdún 25 tó ṣì ní àádọ́ta ọdún níwájú, àti pé díẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nínú wọn. Lójú tèmi, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì: ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí nǹkan kan kò ṣe é lè fara balẹ̀, ọ̀dọ́ tí AVM rẹ̀ kéré, tó wà níbi tí ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ lè dé, yẹ kó jókòó bá dókítà sọ̀rọ̀ gidi.

Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ méjì, Spetzler àti Martin, ló gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí iṣẹ́ abẹ AVM ṣe máa le tó kalẹ̀ ní ọdún 1986. Ó ń wo ìtóbi rẹ̀, bóyá ó wà níbi tó ń darí ọ̀rọ̀ sísọ, ìrìn tàbí ojú, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba iṣan tó jìn jáde. Ìpele 1 ló rọrùn jù fún iṣẹ́ abẹ, ìpele 5 ló le jù. Ti èyí tó ti ya yàtọ̀ pátápátá: ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni ewu pé yóò tún ya ga jù.

Kí ló dé tí ọpọlọ fi wú lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ìtànṣán wò ó?

Ìbéèrè yìí ló ń kó ìdààmú bá àwọn ènìyàn jù, nítorí pé ó máa ń dé nígbà tí wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìtànṣán ni wọ́n ń darí láti ọ̀pọ̀ ìhà sí ojú kan ṣoṣo nínú orí, láìla agbárí. Lars Leksell ní Stockholm ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀, ìlú yẹn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wo AVM ní ọdún 1970. Ìtànṣán kì í pa AVM lójú ẹsẹ̀. Ògiri iṣan ló ń mú kí ó nípọn díẹ̀díẹ̀ títí ihò rẹ̀ á fi dí, ìyẹn sì ń gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Láàárín àsìkò yìí, ewu kí ó ya ṣì wà.

Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kejìdínlógún, àwòrán MRI nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta máa ń fi wíwú hàn ní àyíká ibi tí ìtànṣán bà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ń ní àmì kankan lára, irú bí orí fífọ́, wárápá tàbí ọwọ́ tó rọ díẹ̀, ti ìwọ̀n ẹni méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í lọ. Kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú náà kùnà; nínú àwọn mìíràn, ara iṣan tó ń dí gan-an ni ó ti wá. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹni tó gba ìtànṣán lókè òkun má ṣe padà wálé láìmú ìwé rẹ̀ dání, nítorí pé dókítà tí kò mọ ìtàn náà lè rí wíwú yẹn nínú àwòrán kó sì pè é ní jẹjẹrẹ.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́, nígbà tí AVM náà kò sí mọ́?

Ọpọlọ tó yí AVM ká ti pẹ́ nínú ebi ẹ̀jẹ̀, iṣan rẹ̀ sì ti là sílẹ̀ dé góńgó. Nígbà tí wọ́n bá yọ ohun tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sá lọ, ẹ̀jẹ̀ á dé pẹ̀lú ipá tí iṣan wọ̀nyẹn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbà. Ọ̀nà tí Spetzler gbà ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1978 nìyẹn. Àwọn mìíràn sọ pé dídí iṣan àbọ̀ ló ń fà á. Èyí ó wù kó jẹ́, òun ló dé tí wọ́n fi ń ṣọ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lójú méjèèjì fún ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ fi oògùn tó ń dì bí àtè dí apá kan AVM ńlá, lẹ́ẹ̀kan tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó la orí.

Ẹnì kan ní kí a ra dexamethasone, oògùn tó ń mú kí wíwú lọ sílẹ̀, ní kẹ́míìsì. Ṣé ó dára?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Oògùn yìí wọ́pọ̀ lọ́jà, kò wọ́n, àwọn kan tilẹ̀ ń lò ó láti fi sanra, ìdí nìyẹn tí ojú kò fi tì wá láti máa fi fún ara wa. Òótọ́ ni pé dókítà máa ń lò ó fún wíwú tó tẹ̀ lé ìtànṣán, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀; bí kò bá tó, wọ́n lè lo òmíràn tó ń jẹ́ bevacizumab. Ṣùgbọ́n fún wíwú tó ti ara ẹ̀jẹ̀ tó ya wá, wọ́n ti dán an wò, kò ṣe aláìsàn lóore, ó sì ń fa kòkòrò àrùn àti ṣúgà tó ga. Bí ó bá sì jẹ́ pé omi inú agbárí ló dí, kò ní ṣí ọ̀nà rẹ̀. Wákàtí tí a fi ń dúró wò bóyá yóò ṣiṣẹ́ ni wákàtí tó yẹ kí aláìsàn ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ẹni tó bá sì ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí pé ara rẹ̀ ti dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀.

Aspirin náà kò yẹ kí ẹni tó ní AVM lò fún orí fífọ́ láìbéèrè.

Kí ni wọ́n ń ṣe sí wíwú náà ní ilé ìwòsàn?

Wọ́n á gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè ní nǹkan bíi dígírì 30, wọ́n á sì jẹ́ kí ọrùn tọ́, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde láti orí. Nítorí náà bí nọ́ọ̀sì bá ní kí ẹ má ṣe fi ìrọ̀rí mìíràn kún un, ẹ gbọ́ tirẹ̀. Mannitol tàbí omi oníyọ̀ tó le ni wọ́n ń fà sí i lára láti fi fa omi kúrò nínú ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀. Bí omi bá dí, wọ́n á lu ihò kékeré sí agbárí láti fi rọ́bà fà á jáde. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá tó, wọ́n lè gbé apá kan egungun agbárí kúrò kí ọpọlọ lè ráyè wú, kí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ṣé ọmọ ìkókó lè ní in?

Bẹ́ẹ̀ ni. Irú kan wà ní àárín ọpọlọ, ní ibi iṣan tí wọ́n ń pè ní Galen. Ẹ̀jẹ̀ tó ń rọ́ gba ibẹ̀ lè pọ̀ débi pé ọkàn ọmọ á rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nínú àwọn mìíràn, orí ọmọ ló ń tóbi ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tí iṣan sì ń yọ lójú àti lórí. Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ ni pé fífa omi orí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nìkan kì í yanjú rẹ̀, ó sì lè dá kún un. Iṣan tó já pọ̀ ló yẹ kí wọ́n dí. Bí ara ọmọ bá lè dúró, wọ́n sábà máa ń fẹ́ kí ó tó nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn dókítà ní Boston ṣe é fún ọmọ tó ṣì wà nínú oyún.

Obìnrin tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ńkọ́?

Ẹni tó mọ̀ pé òun ní AVM yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó lóyún, pàápàá nítorí oògùn wárápá: valproate lè ba ọmọ inú jẹ́, dókítà sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a tún mọ ohun mìíràn tó jọ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan àbọ̀ ọpọlọ, ọpọlọ á wú, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á sì tún jò. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n fi ń wo èyí, bí ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ti jò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, oògùn yẹn kan náà lè pa ẹni tí AVM rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ya. Àwòrán iṣan nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Orí fífọ́ abiyamọ tó ń le sí i lójoojúmọ́ kì í ṣe àárẹ̀ ìbímọ lásán.

Níbo ni a lè lọ ní ilẹ̀ wa, kí ni ká sì mú dání?

Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó ní oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ni kí ẹ béèrè. Láti ọdún 1962 ni irú iṣẹ́ abẹ yìí ti wà ní UCH Ìbàdàn, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Awẹ́, dé láti Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kì í ṣe gbogbo irú ìtọ́jú ni ẹ ó rí ní ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń darí ènìyàn sí fún ìyókù. Ẹ bi dókítà léèrè pé ọ̀nà wo ni ọpọlọ yìí gbà wú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba àwòrán náà gan-an, nínú sídíì, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan, ẹ kọ orúkọ àti ìwọ̀n gbogbo oògùn tó ń lò síwèé, títí kan àgbo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí àmì kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí wárápá mú un ni kó tẹ̀ lé e lọ, nítorí pé aláìsàn fúnra rẹ̀ kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn.